Páìpù Tó Fẹ̀ Nínú Páńkíríà: Kí Ló Ń Fà Á?

Lóṣù yìí a ò fẹ́ sọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, a ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàrin wa tí a rí i pé ó yẹ ká là yé ara wa, nítorí pé àìmọ̀ wa lórí rẹ̀ ti dá ọgbẹ́ sí ọ̀kan nínú wa lọ́kàn.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta èlùbọ́. Ó ní ká kọ ọ̀rọ̀ òun, ṣùgbọ́n ká má dárúkọ òun, a ò sì ní í dá a. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí inú ti ń run màmá yìí. Tó bá ti dé, òkè ìdodo ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá gba inú lọ sí ẹ̀yìn bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún un láti iwájú. Tó bá jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá, á tún le sí i. Tó bá jókòó, tó tẹ̀ síwájú, tó fi apá gbá orúnkún mọ́ra, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀. Gbogbo wa la di dókítà fún un: ọgbẹ́ inú ni, ọgbẹ́ inú ni. Ó mu oògùn olómi funfun láti kẹ́míìsì, ó mu àgbo, ó fi ata sílẹ̀, inú kò yéé run. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Èyí tó wá yà wá lẹ́nu ni ìgbà tí wọ́n ní ó ti ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí kò sanra, tí kò sì fẹ́ràn ohun dídùn.

Nígbà tó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun ní London, inú náà tún dé. Ọmọ rẹ̀ san owó, wọ́n ṣe àyẹ̀wò kan fún un tí wọ́n ń ti ẹ̀rọ gba ọ̀fun wọ inú. Ìwé àyẹ̀wò jáde, wọ́n kọ ọ́ sí i pé páìpù inú páńkíríà rẹ̀ ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ ka ìwé náà fún àbúrò ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ọjà ti gbọ́. Apá kan ní jẹjẹrẹ ni, ó ti parí. Apá kejì ní ọtí ni, pé ṣebí wọ́n ní ọtí ló ń ba ibẹ̀ jẹ́, pé ó ní láti jẹ́ pé ó ti ń mu ún ní kọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Obìnrin tí ẹmu ìgbéyàwó pàápàá kì í kan ẹnu rẹ̀! Nígbà tó padà dé, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún wa ni pé àìsàn náà dun òun, ṣùgbọ́n ẹnu àwa ọlọ́jà dun òun jù ú lọ.

Ìdí nìyẹn tí àwa tí a ń kọ ìwé yìí fi jáde lọ béèrè. A bá dókítà sọ̀rọ̀, a bá àwọn ọmọ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, a sì ka ohun tó wà nílẹ̀. Ohun tí a rí ni pé páìpù tó fẹ̀ kì í ṣe orúkọ àìsàn. Àmì ni. Ohun púpọ̀ ló lè fà á, àwọn kan le gan-an, àwọn kan kò le rárá, kò sì sí ẹni tó lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé àyẹ̀wò dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

IBO NI PÁŃKÍRÍÀ WÀ?

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é náà la máa lò, kó má bàa dà pọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín. Ẹran rírọ̀ kan ni, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, ìyẹn ìdajì rúlà àwọn ọmọ iléèwé. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, ó fẹ̀yìn ti eegun ẹ̀yìn. Orí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀. Ìrù rẹ̀ wà lápá òsì. Bó ṣe sún mọ́ ẹ̀yìn yẹn ló jẹ́ kí ìrora rẹ̀ máa gba ẹ̀yìn jáde.

Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń ṣe omi tó ń bá wa lọ oúnjẹ kúnná nínú ìfun, pàápàá ọ̀rá àti ẹran. Omi náà lè ju lítà kan lọ lójúmọ́. Ó tún ń ṣe insulínì, èyí tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ti wá rí i báyìí pé inú rírun ìyá elélùbọ́ wa àti ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ lè ti ojú kan náà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń tọ́jú wọn.

Omi tí a kọ́kọ́ sọ yẹn ló ń gba inú páìpù. Páìpù náà bẹ̀rẹ̀ láti ìrù, ó ń gba àárín ẹran náà bọ̀, àwọn páìpù wẹ́wẹ́ ń ya wọ inú rẹ̀ bí àwọn odò kéékèèké ṣe ń ya wọ odò Ureje, títí tó fi dé orí. Níbẹ̀ ló ti pàdé páìpù òróòro tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀, àwọn méjèèjì sì sábà máa ń jọ tú sínú ìfun ní ẹnu kan ṣoṣo. Ẹ fi ẹnu kan yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Páìpù náà kò tóbi rárá. Lápá orí, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju mílímítà 3 lọ; láàárín, 2; nírù, 1. Bí ẹ bá so ọ̀pá ìgbálẹ̀ méjì pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti orí yẹn. Bí a bá sì ti ń dàgbà, ó máa ń fẹ̀ sí i díẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí àìsàn kankan. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ti ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún fi díẹ̀ ju 3 lọ, tí inú ò run ún, tí kò rù, tí wọn ò sì rí nǹkan mìíràn, ó lè má ju ọjọ́ orí lọ. Ṣùgbọ́n dókítà ló máa sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa.

Ẹ̀RỌ TÓ Ń GBA Ọ̀FUN WỌLÉ

Gbogbo wa la mọ skáànù tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún, tí wọ́n ń fi nǹkan tútù pa ikùn. Ó lè rí páńkíríà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ìfun àti ọ̀rá ikùn máa ń dí i lójú, torí pé ẹ̀yìn pátápátá ni nǹkan ọ̀hún wà. Ní ọdún 1980 ni àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn ní Jámánì ròyìn pé àwọn ti de skáànù kékeré mọ́ orí rọ́bà tó ṣeé tẹ̀, tó ṣeé gbé mì. EUS ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún kò ní í jẹun kó tó wá. Wọ́n á fún un ní oògùn tí á mú un tòògbé, wọ́n á ti rọ́bà náà gba ẹnu rẹ̀ wọ àpò oúnjẹ, títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Láti ibẹ̀, páńkíríà kò jìnnà mọ́, ògiri kan péré ló là wọ́n. Ẹ̀rọ náà lè rí kókó tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2, tí skáànù mìíràn lè fò dá. Wọ́n tún lè gba inú rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ mú bíńtín nínú ẹran náà lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀rọ yìí kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Lọ́dọ̀ wa níbí, skáànù orí ikùn tàbí CT ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ pé páìpù fẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ọmọ ní London nìkan. Bí ẹ bá rí "dilated pancreatic duct" nínú ìwé skáànù yín, ohun kan náà ló ń sọ.

GỌ́TÀ TÓ DÍ

Ẹ wo gọ́tà lẹ́yìn ọjà wa nígbà òjò. Bí náílọ́ọ̀nù àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá dí i níwájú, ẹ̀yìn ibi tó dí ni omi ti ń kún, ibẹ̀ ló ti ń jẹ ilẹ̀, ibẹ̀ ni gọ́tà ti ń fẹ̀ sí i. Níwájú ibi tó dí, kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti páìpù yìí. Bí dókítà bá rí i pé ó fẹ̀, kì í ṣe bó ṣe fẹ̀ tó nìkan ló ń wò. Ó ń wá ibi tó ti dí, àti ohun tó dí i.

Ọ̀kan nínú ohun tó wọ́pọ̀ jù ni kí páńkíríà ti máa wú, kó máa jóná nínú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tó bá ti jóná á di àpá. Àpá á fún páìpù pọ̀ níhìn-ín, á jẹ́ kó fẹ̀ lọ́hùn-ún. Omi tó dúró sójú kan á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á dì, á di òkúta, òkúta á tún wá dí ọ̀nà fún omi tó kù. Lójú ẹ̀rọ, páìpù bẹ́ẹ̀ máa ń rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Bó bá pẹ́, omi tó ń lọ oúnjẹ kò ní í tó mọ́: ìgbẹ́ á di ọlọ́ràá, á máa léfòó lórí omi, á máa rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara á máa rù bí èèyàn tilẹ̀ ń jẹun. Lẹ́yìn náà ni ṣúgà á dé.

Kí ló ń mú páńkíríà jóná bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ni pé ọtí wà níwájú. Ọtí líle, ọtí ọ̀pọ̀ ọdún, ìbáà jẹ́ ògógóró, ìbáà jẹ́ bíà, ìbáà jẹ́ paraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì. Egbòogi tó wà nínú paraga kò sọ ọ́ di oògùn o, ọtí ló gbé e. (A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń tà á. A ò bá wọn jà, òtítọ́ ni a ń sọ.) Sìgá náà ń ṣe é, ó ń dá ṣe é, ó sì ń mú kí ti ọtí yára. Àwọn ọkọ wa àti àwọn awakọ̀ tó ń fi méjèèjì pa rẹ́rẹ́, àwọn ló yẹ ká kà á sí létí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìyá elélùbọ́ wa nìyí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ nílẹ̀ wa pé ẹni tí kò mutí náà lè ní i. Ní 1969, àwọn dókítà méjì ní ọsibítù UCH Ìbàdàn, tí orúkọ àwọn méjèèjì ń jẹ́ Olurin, tẹ ìròyìn jáde nínú ìwé àwọn dókítà Britain, British Medical Journal, lórí ènìyàn 45 tí òkúta ti kóra jọ sínú páńkíríà wọn. Kò tíì sí EUS nígbà náà, kò sì sí CT. Àwòrán X-ray lásán ló ń fi òkúta náà hàn, funfun kinkin lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn. Irú èyí tí wọ́n rí ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ní Uganda, ní Indonesia, ní gúúsù Íńdíà, kì í dúró de ọtí. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí inú rírun lára ọmọdé, kí òkúta ti wà níbẹ̀ kí ọmọ náà tó dàgbà tán, kí ìtọ̀ ṣúgà sì tẹ̀ lé e nígbà tó di géńdé. Àwọn òkúta rẹ̀ máa ń tóbi, páìpù náà sì máa ń fẹ̀ gan-an. Bí àwa ọlọ́jà bá ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tí ì bá pe ìyá yìí ní ọ̀mùtí.

Kí ló ń fa irú èyí? Ẹ̀yin ìyá onígààrí àti onífùfú, ẹ má bínú, wọ́n ti fura sí ẹ̀gẹ́. Ní 1979, àwọn dókítà kan tó ń wo àìsàn yìí ní Kerala ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ bíi tiwa, sọ pé ó lè jẹ́ oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ ló ń ba páńkíríà àwọn tí kò rí ẹran àti ẹ̀wà jẹ tó jẹ́. Ìfura náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílẹ̀ Yorùbá, nítorí ọmọ Èkìtì wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tó di olóògbé ní 1995, ti ṣiṣẹ́ ní UCH ní àwọn ọdún 1960 lórí àìsàn mìíràn tó ń mú ẹsẹ̀ kú tipiri, tó ń ba ojú àti etí jẹ́. Òun náà so ó mọ́ oró inú ẹ̀gẹ́ lára àwọn tí kò ní oúnjẹ mìíràn ju ẹ̀gẹ́ lọ. Àmọ́ ní ti páńkíríà, ẹjọ́ náà kò dúró. Ibi púpọ̀ wà tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ tí àìsàn yìí kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2000, wọ́n wá rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i ní Íńdíà ló bí i mọ́ ara: àléébù kan wà nínú àbùdá wọn, SPINK1 ni wọ́n ń pe àbùdá náà, tí kì í jẹ́ kí páńkíríà lè dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ omi ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa ta gààrí yín lọ. Ohun tí a mọ̀ dájú ni pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n jẹ́ kó kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù dáadáa, tí wọ́n sì yan, oró rẹ̀ ti lọ púpọ̀. Àwọn tó ń yára yan èyí tí kò tíì kan nítorí owó, àwọn ni kí ẹgbẹ́ bá wí.

Ó kù jẹjẹrẹ, tí gbogbo wa kọ́kọ́ sáré pè. A ò ní í fi pa mọ́: ó wà lára ohun tó lè fà á, òun sì ni dókítà kì í fẹ́ fò dá. Kókó tó hù lápá orí páńkíríà á tẹ páìpù pa. Níbi tó ti tẹ̀ ẹ́, páìpù á gé wálẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn rẹ̀, á fẹ̀ rébété, láìrí bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ rántí ẹnu kan ṣoṣo tí páìpù méjèèjì jọ ń tú sí. Bí kókó bá wà níbẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀, páìpù òróòro náà á dí, á fẹ̀, òróòro á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ojú á pọ́n bí òróró pupa, ìtọ̀ á dúdú bí omi ẹlẹ́rìndòdò kóòkì, ìgbẹ́ á funfun bí amọ̀, ara á máa yún èèyàn. Àwa a máa pè é ní ibà pọ́njú, a máa se ewé fún un. Kì í ṣe gbogbo ibà pọ́njú ló jẹ́ èyí, ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n tí inú kò run, tí ibà kò sì sí, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ elégbòogi. Ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tó bá tètè dé nìkan ni wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí kókó náà á kúrò pátápátá.

Irú kan tún wà tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lónìí, ṣùgbọ́n tó lè di í lọ́la. Ara páìpù fúnra rẹ̀ ló ń sun kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki bí omi ilá, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà á kún inú rẹ̀, tí páìpù á fẹ̀ láìsí òkúta, láìsí ohun tó tẹ̀ ẹ́. Láti Japan ni ìròyìn rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní 1982. Bí irú páìpù bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀ tó mílímítà 5, wọ́n á máa ṣọ́ ọ gidigidi. Bó bá tó 10, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń sọ, bí ara aláìsàn bá gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ mọ nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín, kó má jẹ́ pé "ó fẹ̀" nìkan lẹ mọ̀.

Àwọn yòókù kò gba ẹjọ́ púpọ̀. Òkúta láti inú àpò òróòro lè ṣubú, kó há sí ẹnu yẹn. Èyí a máa dé lójijì pẹ̀lú ìrora tó lágbára àti èébì. Aràn ńlá inú ìfun náà lè rá wọ inú páìpù, ẹ má rẹ́rìn-ín: ní 1990, àwọn dókítà ní Kashmir ròyìn ènìyàn 500 tí aràn ti ko ẹ̀dọ̀, òróòro tàbí páńkíríà wọn lójú. Àwọn oògùn ìrora líle bíi kódíìnì lè mú kí ẹnu páìpù fún pọ̀. Àpá láti ara jàǹbá ọkọ̀ tó gbá ikùn, tàbí láti ara iṣẹ́ abẹ àtijọ́, lè fún un pọ̀ bákan náà.

BÍ WỌ́N BÁ TI SỌ FÚN YÍN

Ohun àkọ́kọ́: ẹ gba ìwé náà sọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á fún ọjà. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Níhìn-ín ní Adó, ọsibítù ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa wà, EKSUTH. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ti ABUAD náà wà. Bí ọ̀rọ̀ bá ju tibí lọ, wọ́n á kọ̀wé fún yín lọ sí Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè, ẹ má tijú, ẹ̀yin tí ẹ lè ná ọjà pẹ̀lú Hausa alálùbọ́sà láti àárọ̀ dalẹ́: Mílímítà mélòó ni? Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀? Ṣé páìpù òróòro náà fẹ̀? Ṣé ẹ rí òkúta? Ṣé ẹ rí kókó? Ìgbà wo ni ká padà wá?

Àwọn náà á bi yín. Ẹ sọ òtítọ́ nípa ọtí, nípa sìgá àti aáṣà, nípa oògùn tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì, nípa àgbo. Ẹ sọ bí ará ilé yín kan bá ti ní irú rẹ̀ rí. Wọ́n á wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ mú ìgbẹ́ wá, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ ṣe CT tàbí MRI. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ìtọ̀ ṣúgà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ tó sì ń rù, kó sọ pé kí wọ́n bá òun wo páńkíríà òun, bí inú ò tilẹ̀ run ún.

Bó bá jẹ́ òkúta àti àpá ló fà á, ìtọ́jú wà. Ọtí àti sìgá á dúró pátápátá, ìyẹn kò ní àfirọ́pò. Wọ́n lè fi rọ́bà gba ẹnu lọ yọ òkúta tàbí kí wọ́n ki páìpù kékeré bọ inú rẹ̀. Wọ́n tún lè la páìpù náà gbọọrọ, kí wọ́n rán an mọ́ ìfun kí omi lè rọ́nà jáde. Ẹ wá gbọ́ nǹkan kan: bí páìpù náà bá ṣe fẹ̀ tó ni iṣẹ́ abẹ yìí ṣe rọrùn tó, torí èyí tó tín-ín-rín kò ṣeé rán. Fífẹ̀ tó ń dẹ́rù bà wá yẹn, ó lè jẹ́ òun ni dókítà máa gbà wọlé.

Kápúsù kan wà tí wọ́n ń lò pẹ̀lú oúnjẹ láti rọ́pò omi páńkíríà. Àárín oúnjẹ ni wọ́n ń gbé e mì, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti jẹun tán tí ẹ ti ń fọ abọ́. Láti ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa, ẹ bá dókítà àti àfáà yín sọ ọ́, ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín. Ní ti insulínì, ẹ ṣọ́ra: ìtọ̀ ṣúgà tó ti ara páńkíríà tó bàjẹ́ wá máa ń jẹ́ kí ṣúgà já wálẹ̀ lójijì bí èèyàn bá gún abẹ́rẹ́ tí kò jẹun. Àwa ọlọ́jà la sì mọ bí a ṣe ń gbàgbé oúnjẹ nígbà tí oníbàárà bá pọ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan ní ìsọ̀ rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ó ń gún insulínì, omi ṣúgà tàbí ohun ẹlẹ́rìndòdò ni kẹ́ ẹ fún un kíákíá, bó bá ṣì lè gbé e mì. Bí kò bá lè gbé e mì, ẹ má rọ ọ́ lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìyá elélùbọ́ wa ńkọ́? Òkúta ni wọ́n rí. Páìpù rẹ̀ rí bí ìlẹ̀kẹ̀, páìpù òróòro kò fẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran wò, wọn ò rí jẹjẹrẹ. Wọ́n yọ òkúta tí wọ́n lè yọ. Wọ́n ní kó máa padà wá fún àyẹ̀wò, nítorí pé páńkíríà tó ti pẹ́ nínú jíjóná bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbàgbé sí ẹ̀yìn. Dókítà kan níbí ló ń bá a wò ó báyìí. Kápúsù rẹ̀ wà nínú àpò tó so mọ́ ìdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó. Ó ti padà sí ìsọ̀ láti oṣù tó kọjá, ó ti sanra díẹ̀. Nígbà tí a lọ kà á sí i létí kí a tó tẹ̀ ẹ́, ó fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní ká bá òun fi kún un pé àwọn tó ní òun ń mutí ní kọ̀rọ̀, òun mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èlùbọ́ tuntun sì ti dé.